Dẹ́rẹ́bà Wa Ni

Nígbà tí ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí wọ́n sì rí afárá níwájú, Bàbá Oníwáyà tẹ bíréèkì díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ti ń wakọ̀ láti ìdájí. Ọ̀nà orí òkè yẹn kì í ṣe ọ̀nà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá àgbà, ṣé ibẹ̀ nìyẹn?" Tíńtín, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló bèèrè láti ẹ̀yìn. Ó há sáàárín ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹrù.

"Ibẹ̀ nìyẹn, ìyàwó mi."

"Ibi tí a ó máa gbé?"

"Ibi tí a ó máa gbé."

Bàbá Tíńtín, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ níwájú, wúkọ́. Ìyá Tíńtín kọjú sí fèrèsé. Bàbá Oníwáyà gbọ́ ikọ́ náà. Ó rò pé eruku ni.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni ọkùnrin yìí fi dàgbà. Bí iná iwájú bá kú, bí fèrè ọkọ̀ bá yadi, bí bátìrì bá ń kú láràárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Á fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, á na ọwọ́ síta, ọmọ iṣẹ́ á fi púláyà sí i. Bó bá parí, á ní, "Tàn án wò." Ó parí nìyẹn.

Ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yìí, òkú ọkọ̀ ni nígbà tó rà á. Kúkúrú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń lu ara ọkọ̀ tó bá wó ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀gbẹ́ kan tirẹ̀, lù ú títí ó fi tún jọ ọkọ̀. Bàbá Oníwáyà fúnra rẹ̀ fa wáyà tuntun sínú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn náà ló fi súìṣì kékeré kan pamọ́ sábẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà, níbi tí ojú kò lè dé. Bí a bá pa súìṣì yẹn, kí olè máa yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọkọ̀ kò ní í dá a lóhùn. Ìgbàkígbà tí Bàbá Oníwáyà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti lọ sábẹ́ ìjókòó. Kì í rò ó mọ́. Ọwọ́ ló ń rò ó fún un.

Tíńtín nìkan ló mọ̀. Ojú ọmọ náà mú.

"Bàbá àgbà, kí lẹ ń wá lábẹ́ àga?"

"Àṣírí ni."

"Ẹ fi hàn mí."

Ó fi hàn án. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Má sọ fún un. Tá a bá dé ibi tí à ń lọ, èmi fúnra mi á fi hàn án."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Àní má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Ẹ̀yin náà ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ti sọ fún mi."

Bàbá Oníwáyà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wo ara wọn lójú. Wọn kò mọ̀ pé eyín rẹ̀ ṣì pé tó bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Tíńtín, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi rí ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà. Ìlú tó wà lódìkejì afárá ń wá nọ́ọ̀sì lójú méjèèjì. Ọjọ́ tí ìwé jáde, Bàbá Tíńtín, tí í ṣe tíṣà, kò tilẹ̀ dúró bọ́ bàtà tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Bàámi, a ti rí i gbà! A ń lọ!"

"A ń lọ?"

"A ń lọ, Bàámi!"

Bàbá Oníwáyà nu gírísì ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló dúró síwájú rẹ̀ yìí. Níbi tí ọmọ bá ń lọ, ibo ni òun tún fẹ́ wà? Bàbá Tíńtín mú un lọ ya fọ́tò. Ó bá a gba ìwé ìrìnnà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá Oníwáyà bèèrè ìwé ìgbélùú tirẹ̀.

"Tèmi ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ti wà létò, Bàámi."

Kò bèèrè mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni. Kò ní í ní kó kó ìwé wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà.

Ó fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ó dá yàrá rẹ̀ padà fún onílé. Ó fi bẹ́ẹ̀dì tọrẹ. Àpótí irinṣẹ́ nìkan ló kù, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́ ẹrù àwọn ọmọ. Ohun tó ní lọ́kàn kò pọ̀. Yóò wá ibi kékeré kan lẹ́bàá ilé wọn, yóò máa tún iná ọkọ̀ ṣe ní wọ́ọ́rọ́wọ́, Tíńtín á sì máa yà bá a níbẹ̀ bó bá ti ilé ìwé dé. Ìyẹn nìkan ló fẹ́ ní ìlú náà.

Láàárín àkókò yẹn, Kúkúrú ń wá a wá ṣáá. Á jókòó sórí táyà, á máa wo ilẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà o."

"Sọ ọ́."

Kúkúrú á họ orí. "Òjò ọdún yìí mà kéré."

Á tún dìde, á lọ. Bàbá Oníwáyà rò pé ìdágbére ló ṣòro fún un.

Wọ́n kọjá afárá. Ọ́fíìsì ẹnubodè wà ní ìparí rẹ̀, ilé gbọọrọ kan tó kún fún fèrèsé dígí. Òṣìṣẹ́ kan ní kí wọ́n wa ọkọ̀ wọ inú ọgbà, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lọ rí àwọn tó wà nínú. Bàbá Oníwáyà pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ ìjókòó, ó padà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Mú un dání. Ẹ̀yin lẹ nilé."

Kò ní nǹkan kan lọ́kàn tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwàdà ni. Bàbá Tíńtín gba kọ́kọ́rọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Inú ọ́fíìsì tutù. Wọ́n ti fi irin de àwọn àga mọ́ ilẹ̀ bí ẹni pé èèyàn lè jí wọn gbé lọ. Òdòdó kan wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, eruku bo ewé rẹ̀. Tíńtín sá lọ síbi fèrèsé láti wo ajá tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ akẹ́rù wò. Àwọn mẹ́ta tó kù lọ dúró síwájú òṣìṣẹ́ obìnrin kan tó fi okùn so dígí ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Bàbá Tíńtín àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, Bàbá Oníwáyà wà lẹ́yìn wọn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

Obìnrin náà ṣí ìwé àwọn ọmọ. Ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè àdírẹ́sì, ó bèèrè ohun tó wà nínú ọkọ̀. Ìyá Tíńtín ń dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà obìnrin náà gbé òǹtẹ̀. Gbàù. Gbàù. Gbàù.

"Ó tán. Ẹ ti di ará ibí. Ẹ káàbọ̀ sílé o."

Ìyá Tíńtín bú sẹ́kún. Bàbá Tíńtín gbá a mọ́ra. Bàbá Oníwáyà yọ ìwé ìrìnnà tirẹ̀ lápò àyà. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì sún mọ́ iwájú. Ó ti kàn án.

"Bàbá yìí ńkọ́?" ni obìnrin náà wí.

Bàbá Tíńtín kò wẹ̀yìn.

"Dẹ́rẹ́bà wa ni," ó ní. "Ó kàn gbé wa wá ni. Ó máa padà."

Ó. Kò tilẹ̀ sọ pé wọ́n. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọdé. Ìyẹn ni Bàbá Oníwáyà kọ́kọ́ gbọ́. Kí ó tó gbọ́ ìyókù, obìnrin náà ti gba ìwé rẹ̀, ó sì ń wò ó. Ó tún wo ti àwọn ọmọ.

"Orúkọ yín bára mu."

"Orúkọ yẹn pọ̀ níbi tí a ti wá, Mà."

Obìnrin náà bọ́ dígí ojú.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé dẹ́rẹ́bà wọn ni yín?"

Bàbá Oníwáyà wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀. Òógùn ti bò ó nínú òtútù yẹn. Àpá kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, níbi tó ti ṣubú lu irin nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Òun ló gbé e sáré lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó wo Ìyá Tíńtín. Síìpù báàgì ni ìyẹn ń wò. Nígbà náà ló yé e pé kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n bọ̀ láti ilé.

Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òótọ́, irọ́ ọmọ òun ti hàn nìyẹn. Wọ́n á gba ìwé yẹn padà lọ́wọ́ wọn. Òǹtẹ̀ orí rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Tíńtín kígbe lójú fèrèsé pé ajá ti jókòó.

"Dẹ́rẹ́bà ni mí," ni Bàbá Oníwáyà wí.

"Ìgbà wo lẹ máa padà?"

Bàbá Tíńtín sáré gbà á. "Ọ̀sẹ̀ kan la fẹ́ kó—"

"Lónìí," ni Bàbá Oníwáyà wí.

"Lónìí?"

"Lónìí, Mà. Mo ti parí iṣẹ́ mi."

Obìnrin náà wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lu ìwé rẹ̀ ní òǹtẹ̀ méjì, ti ìwọlé àti ti ìjáde, ó dá a padà fún un. Kò kí i káàbọ̀.

Níta, lẹ́yìn ọkọ̀, Bàbá Tíńtín kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Tíńtín ti wọ inú ọkọ̀, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Bàámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ṣàlàyé."

"Ìwé yẹn ò gba òbí. Ọkọ, aya, ọmọ, ó tán. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́. Ẹnìkan tó ti kọjá tẹ́lẹ̀ ló sì kìlọ̀ fún mi pé tí n bá pè yín ní bàbá mi, wọ́n á ní ẹ fẹ́ sá pamọ́ síbí ni. Wọ́n á dá gbogbo wa dúró."

"Àtìbẹ̀rẹ̀," ni Bàbá Oníwáyà tún sọ.

"Mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní kí Ìyá Tíńtín bá mi sọ ọ́."

"Bàbá, mo ní kì í ṣe ẹnu ìyàwó ilé ló yẹ kí irú ẹ̀ ti jáde," ni Ìyá Tíńtín wí. Ojú rẹ̀ ti wú. "Mo sọ fún un pé kó wá àgbà kan."

"Mo wá àgbà, Bàámi. Mo bẹ Bàbá Kúkúrú, ọ̀rẹ́ yín."

"Kúkúrú mọ̀?"

"Wọ́n ní àwọn á wá àyè bá yín sọ ọ́."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti wá nìyẹn. Ọmọ kì í la ọ̀rọ̀ tó wúwo mọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Ẹnìkan ni wọ́n ń bẹ̀ kó gbé e lọ. Bàbá Oníwáyà pàápàá ti bá èèyàn gbé irú rẹ̀ lọ rí, ó jókòó, ó sì sọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí kàn ń gbé tirẹ̀ fún ara wọn ni, láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí abọ́ tó gbóná. Kò sẹ́ni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

"Ọjọ́ tí mo fa ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ iṣẹ́," ó ní, "o wà níbẹ̀."

Bàbá Tíńtín wo ilẹ̀.

"O pàtẹ́wọ́."

"Bàámi, mo rò pé tá a bá dé ọ̀hún, tá a bá fìdí kalẹ̀—"

"Ta ni ì bá wá sọ fún mi? Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ gbé mi padà?"

"Ẹ má bínú, Bàámi. Ẹ jẹ́ ká jọ dé ìlú ná. Ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ wa."

"Ṣé ilé ọ̀gá ni dẹ́rẹ́bà ń sùn?"

Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó gbé àpótí aṣọ sílẹ̀, ó gbé tìmùtìmù Tíńtín sílẹ̀, ó fa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ wọn. Ó tún da gbogbo ẹrù padà bó ṣe wà, ó ṣù wọ́n jọ dáadáa kí wọ́n má bàa máa yí kiri. Ìyá Tíńtín kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọlọ́dà.

"Bàbá, ẹ forí jì wá."

"Dìde. Àwọn èèyàn ń wò ọ́. Wọ́n á máa bèèrè ìdí tí o fi ń kúnlẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà."

Ó dìde.

"Ọ̀nà ọ̀hún tẹ́jú," ni Bàbá Oníwáyà sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà á lè wà á."

Tíńtín ti yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá àgbà, ibo lẹ ń lọ?"

Kí ó tó yanu, Ìyá Tíńtín ti dáhùn. "Wọ́n ń bọ̀, wọ́n fẹ́ mú nǹkan ni. Wọ́n ń bọ̀ báyìí."

Bàbá Oníwáyà gbọ́ ọ. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì kan orí ọmọ náà, ó sì lọ.

Ọ̀nà àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, irin ni wọ́n fi dáàbò bò ó. Àpótí irinṣẹ́ wúwo. Nígbà tó dé nǹkan bí ìdajì, ó gbé e sílẹ̀, ó mú fóònù.

"Ọ̀rẹ́!" ni Kúkúrú wí. Òòlù ń dún gbàn-gbàn lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé ẹ ti dé?"

"O mọ̀."

Òòlù dákẹ́.

"Mo wá, ọ̀rẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé mo wá. Mo wá títí."

"O wá. A sọ̀rọ̀ òjò."

"Ojú rẹ ni n ò lè wò. Inú rẹ ń dùn ju. N ò rí inú rẹ kó dùn bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí ìyàwó rẹ ti—"

"Mò ń padà bọ̀ lónìí. Má wá pàdé mi."

"Ibo lo máa sùn?"

Bàbá Oníwáyà pa fóònù. Kò mọ ibi tí òun yóò sùn. Ó dúró, ó ń wo odò. Gbogbo ẹni tó bá a jẹun, tó bá a rẹ́rìn-ín, tó bá a di ẹrù, ló mọ̀. Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà, òun nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Fóònù tún dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Bàámi, ọkọ̀ ò tàn."

Ó wẹ̀yìn. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí inú ọgbà ọ́fíìsì náà. Ó rí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ti ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fun fèrè. Ó rántí ọwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó.

"Bàámi? Ẹ ń gbọ́ mi?"

"Bi dẹ́rẹ́bà yín léèrè."

Ohùn Bàbá Tíńtín ti fọ́.

"Ó tọ́ sí mi, Bàámi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní tá ò bá gbé e kúrò, àwọn máa wọ́ ọ sọnù. Tíńtín ló ń yà mí lẹ́nu. Ó ní òun mọ ohun tó ṣe é, òun ò sì ní í sọ. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kóun má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bàbá Oníwáyà di irin afárá mú. Gbogbo wọn ló pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló pa á mọ́ nítorí tirẹ̀.

"Gbé fóònù fún un."

"Bàbá àgbà! N ò sọ o! Wọ́n fẹ́ nà mí, n ò sọ!"

"Mo gbọ́. O ṣeun, ìyàwó mi. Ó tó gẹ́ẹ́. Fi hàn wọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi hàn wọ́n. Ẹ wá fi hàn wọ́n. Ìyá mi ní ẹ ń bọ̀."

Ó rọrùn láti sọ. Mò ń bọ̀. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ọmọ náà á dákẹ́, ọkọ̀ á lọ, ẹlòmíràn á sì rí ọ̀nà bá a sọ ọ́ níjọ́ mìíràn.

"N ò bọ̀, Tíńtín."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la náà, n ò bọ̀. Ìwé tí wọ́n fún yín, wọn ò fún mi. Ilé ni mò ń padà sí."

"Irọ́ ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ."

Ọmọ náà ké. Igbe náà kì í ṣe kékeré. Bàbá Oníwáyà gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń ṣìpẹ̀ fún un, ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù. Kò pa fóònù. Ó fi lé etí, ó dúró tì í títí igbe náà fi rọlẹ̀.

"Ó yá. Na ọwọ́ sábẹ́ àga."

Ó gbọ́ bí fóònù ṣe ń ha nǹkan. Ó gbọ́ Tíńtín tó ní, "Ẹ sún, ẹ̀yin ẹ ò mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ́ geere. Kò sí wáyà kankan tó ń jó níbẹ̀.

Bàbá Tíńtín ti gba fóònù. "Ó ti tàn, Bàámi! Ẹ ṣé. Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n—"

Bàbá Oníwáyà pa fóònù. Ó dúró títí ọkọ̀ náà fi kúrò nínú ọgbà, tó yí sójú títì, tí ilé kan fi bò ó. Ọmọ rẹ̀ ń wà á jẹ́jẹ́. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ní ìparí afárá lápá ilé, ẹ̀ṣọ́ kan na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀. Ó rí òǹtẹ̀ méjì tó ní déètì kan náà, ó wo àpótí irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò mà pẹ́ lọ́hùn-ún rárá. Kí lẹ lọ ṣe?"

"Iṣẹ́ ni," ni Bàbá Oníwáyà wí. "Mo lọ gbé àwọn kan débẹ̀."